Àyè Wa Nínú Àwòrán Ọdún Mẹ́wàá Rẹ

Ọmọ mi, oníbúrẹ́dì tí gbogbo àdúgbò ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ààrò ń gbóná, ara ò sì gbóná? Ọwọ́ tí o fi ń po ìyẹ̀fun kò ní rọ láéláé. Àwa náà wà, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àti ewúrẹ́ wa tó bímọ mẹ́ta tó sì kọ ọ̀kan.

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù aránṣọ ilé kejì ti dé ojú wa. Aránṣọ ní o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ká wo ayé rẹ. Mo wò ó, mo figbe ta. Ilé funfun, mọ́tò pupa, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ yọ síta, ọmọ méjì, ajá lórí àga! Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ìwọ wo ilé, o bímọ, o sọ wọ́n lórúkọ, o ò pe ìyá rẹ! Mo ti ń bá ìyàwó náà jà nínú ọkàn mi pé kò tiẹ̀ yà kí wa, mo sì tún ti ń dárí jì í nítorí àwọn ọmọ yẹn rẹwà. Ọkùnrin kan wá nà gbalaja sétí òkun lọ́sàn-án gangan, ó fi awò dúdú bojú. Mo ní ìwọ nìyẹn, ojú ń dùn ọ́, o fi pa mọ́ fún wa, ta wá ló ń ṣọ́ ààrò?

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè ọ́, o sì sọ fún un pé olùkọ́ àwọn oníṣòwò ló ní kí ẹ̀yin tí ọwọ́ yín dí gé àwòrán lẹ̀ mọ́ páálí, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ fẹ́ kí ayé yín já sí lọ́dún mẹ́wàá. Pé ilé ò tíì sí, ìyàwó ò tíì sí. Ó dùn mí nítorí àwọn ọmọ yẹn, mo ti fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ó yé mi: àdúrà ni, o kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ni. Ó sì dára bí o ṣe jókòó ro ayé ara rẹ, torí láti ọjọ́ tí o ti ṣí ilé búrẹ́dì yìí, n kì í gbọ́ ju pé o máa pè mí padà lọ.

Ìgbà tí mo tún un wò ni inú mi bà jẹ́. Ajá wà níbẹ̀, àwa ò sí. N ò ní parọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi. Bàbá rẹ ní kí n má sunkún, pé bóyá inú ilé funfun yẹn la wà, ògiri ló bò wá.

Mo gbà pé o gbàgbé ni. A ti lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, fọ́tò wa ló wà nínú àpò ìwé yìí. Rọra gé e, má gé etí bàbá rẹ dànù, kí o lẹ̀ wá mọ́ ẹnu ọ̀nà ká lè máa rí ẹni tó ń bọ̀. Má lẹ̀ wá bo ìyàwó lójú o. Bí àyè ò bá sí, kí ajá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Bàbá rẹ dijú nígbà tí iná kámẹ́rà tàn, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò sùn.

Jọ̀wọ́, fi owó ayàwòrán ránṣẹ́, mo ti ní ọmọ mi á san án. Fi ti òróró orúnkún bàbá rẹ kún un. Gbogbo ohun tí o lẹ̀ mọ́ páálí yẹn, Ọlọ́run á jẹ́ kó dìde kó máa rìn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ọdún mẹ́wàá ò jìnnà sí ọ bó ṣe jìnnà sí wa. Bí o bá rí ọjọ́ kan tí ààrò lè sinmi, wá sílé ká jókòó síta, kí aránṣọ fi fóònù rẹ̀ ya gbogbo wa pọ̀. Ìyẹn ò ní gba gọ́ọ̀mù.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó ń wọ̀nà.