Pósítà Ìsìnkú fún Ẹni Tó Wà Láyé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Mo ti fi iṣẹ́ ọnà mi ránṣẹ́. Sí ilé ẹ̀kọ́ méjì. Ọ̀kan wà lókè òkun — Òkè Òkun ni màá máa pè é níbí. Ìkejì wà ní Accra, gíláàsì ni gbogbo iwájú rẹ̀ — Ilé Gíláàsì. Àwọn méjèèjì ni yóò pinnu bóyá màá lọ gba oyè másítà nínú iṣẹ́ ọnà, tàbí màá máa kọ "Ẹ Má Tọ̀ Síbí" sára ògiri ìlú wa, Mampong, títí ọjọ́ alẹ́ mi.

Pósítà ìsìnkú ni mo kó jọ fún wọn. Irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ kiri ìlú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: pupa àti dúdú, àwòrán olóògbé láàárín, orúkọ àwọn ọlọ́fọ̀ nísàlẹ̀. Àmọ́ gbogbo olóògbé tèmi ló ṣì wà láyé. "Àwọn Tí Kò Tíì Kú" ni mo pe àkọlé rẹ̀. Mo ya ara mi: "Ó jáde láyé lójijì níbi tó ti ń dúró de èsì." Mo ya olùkọ́ tó ní n kò mọ ọwọ́ èèyàn yà nígbà tí mo wà ní pólì. Mo sin ín láìní ọwọ́.

Èyí tó dára jù ni ti Wọfa Kyeremeh. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́kùnrin (ìyẹn ni wọfa), olórí ẹbí wa, ẹni tí mo ń gbé ilé rẹ̀. Iṣẹ́ kòkó wíwọ̀n ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, títí dòní bí èèyàn bá kí i, yóò kọ́kọ́ fi ojú wọ̀n ọ́n kó tó dáhùn. Ojú yẹn gan-an ni mo yà.

N kò bi í. Bí mo bá bi í, yóò ní rárá. Ìdí tí n kò fi bi í nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kejì

Ilé Gíláàsì fẹ́ kí n tẹ ọ̀kan jáde ní títóbi, kí n fi ránṣẹ́. Mo gbé ti Wọfa lọ sọ́dọ̀ Bra Yiadom, ẹni tó ń tẹ pósítà gbogbo òkú Mampong. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí. Ó ṣí fìlà. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Sekyiwaa, ó ga o."

Mo ní, "Ẹ ṣeun."

"Ó wọ̀ mí lára dé egungun."

Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó ní kí n lọ sinmi nílé, òun á bójú tó gbogbo ẹ̀. Mo rìn lọ sílé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣí fìlà fún iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kejì

Wọfa lọ sí Kumasi lọ rí dókítà ojú. Yóò sùn síbẹ̀. Kò sí èsì látọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kankan. (Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ ní Ajé ni. Mo mọ̀.)

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kejì

Áà.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kejì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Yiadom kò tẹ ẹyọ kan. Ìdì kan ló tẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbé pósítà òkú wá bá a rí tí kò fẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ gba owó lílẹ̀ — ó ní èèyàn rere ni Wọfa. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àkàbà kiri lálẹ́ Ẹtì, láti gáréèjì dé ilé ẹ̀rọ ìlọta, dé ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ilẹ̀ Àbámẹ́ta tó mọ́ tán, àgbàlá wa ti kún fún aṣọ dúdú àti pupa. Ẹnìkan ti gbé àga wá. Maame Dufie, àbúrò Wọfa, ń yí nílẹ̀. Èmi ń sáré láti ọ̀dọ̀ ẹni kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, mò ń sọ pé, "Iṣẹ́ ọnà ni! Iṣẹ́ ọnà ni!" Ìyá àgbà kan fà mí mọ́ra, ó ní kí n sunkún, ìbànújẹ́ ló ń dà mí lórí rú.

Wọfa sì bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní gáréèjì, ó bá ara rẹ̀ pàdé lára ògiri. Obìnrin tí wọ́n jọ jókòó nínú ọkọ̀ pòṣé. "Ẹ wo ọkùnrin gidi. Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ó ní, "Díẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún wa lẹ́yìn náà. Nígbà tó wọlé, ẹkún kọ́kọ́ ga sí i, lẹ́yìn náà ó dá wáí. Obìnrin kan fo ọgbà, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa. Wọfa jókòó sórí ọ̀kan nínú àga àwọn ọlọ́fọ̀, ó ní kí wọ́n bu omi wá, òùngbẹ ń gbẹ òkú.

Bí Maame Dufie ṣe rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ń mumi, ó dìde, ó gbọn iyanrìn lára, ó kọjú sí mi. "Èyí tó kà ní pólì ló fi pa wá lẹ́kún báyìí! Bó bá wá gba másítà ńkọ́? Ṣé kò ní í sin wá láàyè?"

Mo kúnlẹ̀. Wọfa ní kí n gbé pósítà wá. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún gbé e súnmọ́.

"O gé nínú ọjọ́ orí mi," ó ní. "Kí ni mo fi àwọn ọdún náà ṣe ọ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwòrán náà dára. Ìyẹn ló burú jù.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì

Mo jí lọ ha pósítà kúrò lára ògiri. Gọ́ọ̀mù Yiadom kì í ṣeré. Mo gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi: Wọfa, pẹ̀lú korobá omi. Ó bá mi ha á. Òun ń ha iwájú orí ara rẹ̀, èmi ń ha àgbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn wo ló wá?"

Mo dárúkọ wọn. Mo rí i tó ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Akyaa ńkọ́?"

Akyaa ni ìyàwó tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ti pẹ́. Ó ń ta aṣọ ní oríta. Pósítà kan kọjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an. Ó rí i. Kò wá, kò sì rán ẹnikẹ́ni wá.

Mo ní n kò rí Akyaa. Wọfa ha ògiri títí. Ó wú ikọ́ rẹ̀ yẹn, tó máa ń dà bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan, tó sì yí ọkàn padà. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé kò tíì rí aṣọ dúdú."

Ẹni tó ń ta aṣọ.

N kò mọ ibi tí màá fi ojú sí. Mo fi í sára ògiri.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kejì

Bí àṣà wa, wọ́n wẹ ọkàn Wọfa mọ́ kúrò nínú ikú tí mo fi pè é. Aṣọ funfun. Iṣu tí wọ́n fi epo gún, ẹyin sísè lórí rẹ̀. Èmi ni mo gbé àwo náà lórí ìkúnlẹ̀ títí wọ́n fi bá àwọn baba ńlá wa sọ̀rọ̀ tán. Wọfa mú ẹyin kan, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní ọkàn tèmi náà ti rìn jìnnà.

Mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kejì

Kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kejì

Ímeèlì wọlé nígbà tí gbogbo ìjọ di ojú. Mo la tèmi. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ ta bàtà fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kejì

Òkè Òkun kọ̀ mí. Wọ́n ní àwọn tó kọ̀wé pọ̀, wọ́n sì dára. Mo sọ fún Wọfa. Ó ní, "Àwọn ló pàdánù." Ọkùnrin tí mo sin ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ó wá ku Ilé Gíláàsì nìkan. Bí wọ́n bá kọ̀, ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò! Lórí fídíò, lọ́jọ́ Ẹtì. N kò lè jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Mo ti ṣe é. Kì í ṣe torí pé inú mi dùn ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn mẹ́ta ni. Olórí wọn ni Dókítà Lamptey, ọkùnrin ẹlẹ́yinjú jẹ́jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí: ààlà tó wà láàárín ìyè àti ikú, ipa ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbígbẹ ni ó gbẹ. Obìnrin kan nínú wọn ń wo fóònù rẹ̀. Mo rí i tí ààyè náà ń bọ́ lọ́wọ́ mi, bí ọṣẹ.

Dókítà Lamptey wá bi mí pé, "Bàbá inú àwòrán yìí ńkọ́, ṣé ó ti rí i?"

Mo bá sọ ọ́. Gáréèjì. "Díẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbé fóònù sílẹ̀. Mo fẹ́ sí i. Mo ṣe ẹni tó fo ọgbà. Mo ṣe Maame Dufie lórí iyanrìn. Lẹ́yìn náà — mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni mò ń lọ, ẹsẹ̀ mi kò sì dúró — mo ṣe Wọfa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo tẹ ẹ̀yìn. Mo wú ikọ́ rẹ̀. Mo fún ẹnu pọ̀. "Ó lè jẹ́ pé kò tíì rí aṣọ dúdú." Mo sì fi kún un fún wọn pé aṣọ ni ìyàwó náà ń tà.

Dókítà Lamptey lu tábìlì. Ó bọ́ awò ojú, ó nu omijé. Obìnrin náà ní, ṣé bàbá gbà kí n lo àwòrán rẹ̀? Mo ní, "Tayọ̀tayọ̀."

Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, Wọfa wà ní àgbàlá nínú oòrùn, pẹ̀lú ọ̀pá. Adìẹ ló ń lé. Ó ti lọ bẹ onílé ẹ̀rọ ìlọta pé kó pa á ná, kí ariwo má baà dí mi lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó gbé àgbàdo wá ń ṣépè fún un láti òdìkejì ọgbà.

"Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn," ó ní. Ojú rẹ̀ ń dán. "Kí lo sọ fún wọn?"

Mo ní ọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ ni.

"Àwọ̀ ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?"

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Fùfú àti ọbẹ̀ ẹ̀pà. N kò lè jẹ ẹ́. Maame Dufie ní, "Ṣé ibà ni àbí ọkùnrin?" Wọfa ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, èsì ni mò ń rò. Ó gbé ẹran tirẹ̀ sínú abọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Bí wọ́n bá kọ̀ mí, á jẹ́ pé mo sọ ọ́ lásán, kò ní í sì dé ibì kankan. Mo gbàdúrà kí wọ́n kọ̀ mí. Mo ṣe àmín. Mo yẹ ímeèlì wò.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Wọ́n gbà mí.

Wọfa da ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá. Ó sọ fún wọn pé ọmọ yìí pa òun, ó sì fi ikú òun ra àga ní ilé ìwé gíga, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Maame Dufie jó. Ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. N kò rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó ti Wọfa rí. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Dókítà Lamptey wá. Ó wá láti Accra fúnra rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé pósítà Wọfa kọ́ sí ẹnu ọ̀nà níbi àfihàn ọdún yìí, ó ní kò yẹ kí wọ́n ṣe é láìbẹ ẹni tó ni ojú. Ó gbé ìgò ọtí wá. Ó bọ́ bàtà. Ó bẹ̀bẹ̀ dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

Wọfa wọ̀n ọ́n, ó péye. Ó gbà. Wọ́n ṣí ọtí. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mò ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi — ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àlejò ti ń nawọ́ sí bàtà.

Ó wá lu itan rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè lọ láìbéèrè. Ìyáàfin náà — ṣé ó ti wá rí aṣọ dúdú?" Ó tilẹ̀ wú ikọ́ náà.

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un ló ṣe gbà á: ẹ̀fẹ̀ inú ilé tí gbogbo wa jọ ń ṣe.

Maame Dufie ń wo ẹnu gbogbo wa, kò yé e. Èèyàn méjì péré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́jọ́ náà. Wọfa kò wo àlejò. Èmi ló wò, bó ṣe máa ń wo àpò kòkó tí wọ́n bu omi sí kó lè wúwo. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Dókítà Lamptey.

"Kò tíì rí i," ó ní. "A ṣì ń retí."

Ó tún bu ọtí fún un.

Nígbà tí ọkọ̀ àlejò lọ, mo ní kí Wọfa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kí n kọ̀wé pé kò gbà mọ́. Ó ti wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹta

Ilé Gíláàsì ní kí n wá sí Accra lọ́la (Kumasi ni màá gbà kọjá), kí n wá bá wọn gbé pósítà kọ́. Lálẹ́ òní mo tún lọ kúnlẹ̀ níwájú Wọfa. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Maame Dufie lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo súnmọ́ wọn débi pé eékún mi kan bàtà Wọfa. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ikọ́ náà, ẹ̀yìn títẹ̀ náà, n kò bo ìkankan.

Ó jẹ́ kí n parí. Ó wá kọjú sí Maame Dufie.

"Dufie, bá mi sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ yìí pé ọkọ̀ Kumasi máa ń tètè kún. Kó tètè jí."

Báyìí ló ṣe máa ń bá àwọn àlejò tó wá rojọ́ ilẹ̀ sọ̀rọ̀, láti ẹnu ẹlòmíràn. Kò bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Maame Dufie wò ó, ó wò mí. Ẹ̀wà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọfa ní ọkọ̀ Kumasi máa ń tètè kún," ó sọ fún mi, jẹ́jẹ́. "Ó ní kó o tètè jí."

Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún Wọfa pé mo dúpẹ́."

Ó kọjú sí i. "Ó ní òun dúpẹ́."

Wọfa mi orí. Ó ní kí Maame Dufie sọ fún mi pé òun gbọ́.