Kóòtù Ṣọ́ọ̀ṣì Roscoe

Màmá wa,

Ṣé àlàáfíà ni Mississippi wà? Ara àwọn ọmọ-ọmọ yín le, wọ́n ń jẹun. Òtútù Detroit yìí nìkan ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Roscoe ọmọ yín já bọ́ lórí àkàbà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, inú sì ń run ún. Mo ní ká máa lọ sílé ìwòsàn. Ó ní, "Verlene, gbé kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì mi wá ná. Ṣé o ti gbàgbé ti èṣí?" Léṣìí, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀ débẹ̀, wọ́n ní oògùn olóró ló wá tọrọ, wọ́n lé e jáde. Àwa èèyàn dúdú gbọ́dọ̀ múra ká tó ṣàìsàn níbí.

Ó fá irùngbọ̀n, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Ṣé mo jọ díákónì?" Mo ní, "O jọ ọkọ ìyàwó." A rẹ́rìn-ín, Màmá.

Wọ́n ṣì ní ká jókòó. Òyìnbó kan tó fi ọ̀bẹ gé ìka dé lẹ́yìn wa, ó wọlé ṣáájú wa. Nígbà tí wọ́n wá sáré sí Roscoe, àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi gé kóòtù náà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti kún inú rẹ̀, kí la ń ṣe nílé látàárọ̀? Mi ò lè sọ pé mò ń lọṣọ.

Ó ti ń sinmi lọ́wọ́ Olúwa, kò mọ ìrora mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kóòtù dúdú bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di Sátidé. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ya, ẹ má wulẹ̀ fi abẹ́rẹ́ rán an. Kò sẹ́ni tó máa rí ẹ̀yìn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ yín,
Verlene