Ohun Tí Àǹtí Tilde Sọ fún Mi ní Èbúté Genoa

Pianfaggio,
ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn àjọ̀dún Máàkù Mímọ́.

Ornella ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé ikọ́ tó ń bá ọ fà nígbà tí a wà lọ́dọ̀ rẹ ti fi ọ́ sílẹ̀? Kí Màríà Ìyá Jésù máa dì ọ́ lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ yẹn tí kì í tán, kí ó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀. Àwa délé láyọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì rọra wà wá gun òkè, Àǹtí Tilde kò sì bì bí wọ́n ti bì nígbà tí à ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Màlúù wa dúdú ti bí, abo ló bí. Don Anselmo ń kí ọ, ó béèrè bóyá o ṣì ń lọ sí Máàsì níbẹ̀, mo ní o ń lọ, jọ̀wọ́ má sọ mí di òpùrọ́ níwájú àlùfáà.

Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó wà nínú fóònù tí o yá mi lọ́jọ́ tí o lọ síbi iṣẹ́ tí o ní kí á máa wo ìlú fúnra wa. Mo kí i káàárọ̀, kò dáhùn, ṣùgbọ́n ó mú wa dé ṣọ́ọ̀ṣì Lọ́rẹ́ńsì Mímọ́ láìṣìnà. Nígbà tí a wọ àwọn ọ̀nà tóóró wọ̀nyẹn, tí ènìyàn lè na apá kó kan ògiri méjèèjì, ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí á yípadà, kí á tún yípadà, ohùn rẹ̀ ò sì yí rárá, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé kó sinmi, mo fi ìborí mi wé e, mo gbé e sínú àpò. Bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá bi ọ́, sọ pé kò ṣẹ̀ wá.

Ìwọ náà mọ bọ́ǹbù ayé ogun tí kò bú, èyí tí wọ́n gbé sínú ṣọ́ọ̀ṣì náà fún ènìyàn láti máa wò. Mi ò kúnlẹ̀ nítòsí rẹ̀, ìdí òpó tó jìnnà ni mo ti tan àbẹ́là fún ẹ̀mí bàbá rẹ. Àwọn àlejò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n fi fóònù sórí ọ̀pá gígùn, wọ́n kẹ́yìn sí ohun tí wọ́n wá wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀pá. Mo rò ó títí, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé yìí kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn tí obìnrin inú fóònù dákẹ́, Àǹtí Tilde ló ṣíwájú mi. Wọn ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, wọ́n dúró ra búrẹ́dì focaccia elépo ólífì gbígbóná, wọ́n sì mú mi jáde sí etí omi tààrà. Ìwọ náà ṣáà mọ ohun tí gbogbo Pianfaggio ń sọ, pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ yìí kò rí òkun rí, pé Amedeo àfẹ́sọ́nà wọn wọkọ̀ lọ sí Ajẹntínà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ó dé ọ̀hún, ó gbàgbé wọn, wọ́n sì ń retí rẹ̀ di arúgbó. Èmi náà sọ ọ́ fún ọ ní àìmọye ìgbà, pé kí o má fi ayé rẹ ṣe bíi tiwọn.

Ilé funfun kan wà létí omi níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kò lóǹkà, mo rò pé ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí kò nílé ni, inú mi ti ń dùn sí ìjọba. Àǹtí ní ọkọ̀ ojú omi ni. Wọ́n lọ bá ọkùnrin onífìlà kan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n bi í níbo ni àwọn tó ń lọ sí Ajẹntínà ń tò sí nísinsìnyí. Ó fi sùúrù dá wọn lóhùn pé òfuurufú ni wọ́n ń gbà lọ síbẹ̀ báyìí, ọkọ̀ yìí kàn ń gbé àwọn tó ń gbafẹ́ yípo ni, á sì dá wọn padà síbí. Àǹtí tún bi í, pé àwọn ènìyàn ń sanwó kí á lè dá wọn padà síbi tí wọ́n ti kúrò? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni Àǹtí bá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n jókòó lórí irin ńlá tí wọ́n fi ń so okùn ọkọ̀, wọ́n bu focaccia fún mi.

Wọ́n ní, “Ìyàwó, ibí yìí ni mo dúró sí nígbà yẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi.”

Amedeo kò gbàgbé wọn o, Ornella. Ó ṣiṣẹ́, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi ránṣẹ́. Bàbá wọn nìkan ló mọ̀, òun ló mú wọn sọ̀ kalẹ̀ wá láàárọ̀ kùtù kí ìyá wọn má baà dì mọ́ wọn. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń jẹ focaccia, ọkọ̀ ń fọn fèrè.

“Mo fẹ́ràn Amedeo,” Àǹtí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. “Bó bá jẹ́ odò ni, ǹ bá là á kọjá torí rẹ̀, bó ti wù kó kún tó. Ṣùgbọ́n mo wo omi yìí, mi ò rí etí rẹ̀ kejì. Mo wá rí i pé ìfẹ́ mi kò tó o.”

Wọ́n padà sílé lọ́jọ́ náà. Bàbá wọn ní nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé wọ́n lọ, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé wọ́n dé. Amedeo bínú, kò kọ̀wé mọ́, ìlú sì gbà pé òun ló já wọn sílẹ̀. Ìyá Amedeo ń gbé ní ọ̀kánkán ilé wọn, báwo ni wọn ì bá ṣe sọ òótọ́ lójú rẹ̀? Mo bi wọ́n bóyá wọ́n kábàámọ̀. Wọ́n jẹ èyí tó wà lẹ́nu wọn tán, wọ́n ní àwọn ọdún kan wà tí wọ́n kábàámọ̀, pàápàá nígbà òtútù, ṣùgbọ́n ọdún tó kù, rárá. Wọ́n ní ojú àánú tí a fi ń wò wọ́n ló sú wọn. Mo rántí gbogbo ọbẹ̀ tí mo ti gbé lọ fún wọn pẹ̀lú ojú yẹn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni o sọ fún wa pé Corrado àfẹ́sọ́nà rẹ ti ríṣẹ́ sí Kánádà, pé ó fẹ́ gbọ́ bóyá wàá bá a lọ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. O wò mí, mo tẹjú mọ́ àwo mi. O rò pé mo bínú. Inú ò bí mi, ọ̀rọ̀ tí ǹ bá sọ ni mi ò rí mọ́. Mi ò ní kí o lọ, mi ò ní kí o má lọ. Ọjọ́ tí o kò bá níṣẹ́, lọ sí èbúté yẹn kí o jókòó, wá nǹkan jẹ, kí o wo omi náà dáadáa. Mo mọ̀ pé òfuurufú ni ẹ máa gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ènìyàn kì í rí bí omi náà ti pọ̀ tó láti òkè, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní kí o kọ́kọ́ lọ wò ó láti ilẹ̀.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì, torí Àǹtí tún fẹ́ wá wo ìlú nígbà ìkórè èso àjàrà. Má fi í sínú káàdì báǹkì. Mo mú un lọ síbi ẹ̀rọ báǹkì, ẹ̀rọ náà ní kí n sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ fún òun, mo ní ìkọ̀kọ̀ ni, mi ò lè sọ ọ́, ló bá gbé káàdì mì.

Lánàá, nígbà tí a jáde ní Máàsì, Gervasio tó ń ṣe bàtà tún fi ohùn pẹ̀lẹ́ tó máa ń lò bi Àǹtí bóyá wọ́n ti gbúròó Ajẹntínà. Gbogbo wa ti ń múra láti káàánú wọn. Àǹtí ní, “Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi, Gervasio. Èmi ni mi ò lọ.” Don Anselmo di kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mú, kò ti ilẹ̀kùn. Gervasio ṣí fìlà rẹ̀ fún wọn, Àǹtí sì gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sílé lọ se oúnjẹ.

Ọmọ mi, ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti mọ́ bá ọ, kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ ibi tí ìwọ fúnra rẹ yàn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ersilia.