Àkókò Tó Bá Ìgò Tòmátì Lọ Síbojì

Ẹ̀gbọ́n mi Lidia,

Mo tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ lọ́dọ̀ yín nílẹ̀ òkèèrè ò ní dúró dè mí mọ́. Màámá ń kí yín. Sanda ọmọ mi ń hu eyín.

Gẹ̀ẹ́sì ń ná àkókò bí owó, ó tún ń pa á bí adìyẹ. Mo kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò tòmátì oníyọ̀ kí n máa kà á nídìí ààrò. Lọ́jọ́ ìrántí òkú, ìyá ọkọ mi kó gbogbo ìgò náà lọ pín fáwọn èèyàn níbojì nítorí àwọn òkú, bí àṣà wa níbí. Ó ní, "Ìyàwó, òkú náà á gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì!" Nígbà tí olùdánwò bi mí bí mo ṣe ń lo àkókò mi, ẹkún ni mo sun, torí gbogbo ọ̀rọ̀ àkókò mi ti bá ìgò lọ.

Ó sú mi. Ṣé kí n tún ìdánwò náà ṣe, àbí kí n jáwọ́? Olúwa á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fèsì.