Bátìrì Dákẹ́ Mọ́ Dúrótoyè Lẹ́nu

Agnes ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ láti Àkúrẹ́. Monílọ́lá ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ara wa le. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá Adélaní ọmọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó ń sinmi dáadáa. Gààrí ò sì wọ́n wa nílé.

O ti gbọ́ pé Dúrótoyè olórin kú, ẹni tá a torí rẹ̀ jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná nílé ọkọ kálukú wa. Ọ̀mùtí ni, àmọ́ tó bá lanu kọrin, ewúrẹ́ pàápàá á dákẹ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ní rédíò máa gbé orin rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. A ti sá bátìrì sóòrùn láti àárọ̀ kó lè jí. Dúrótoyè kọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ wá ń falẹ̀ bíi ti àgbò tí ara rẹ̀ ò yá, ó sì dákẹ́. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tó kù. Aládùúgbò wa yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Màmá, ẹ pa rédíò yẹn, bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́."

Mo ti gbàgbé ìparí orin náà. Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní Oǹdó nígbà Kérésì láti wá gbọ́ ọ lórí giramafóònù rẹ. Kọ́kọ́ gbé iṣu kaná kó o tó gbé àwo orin sí i.

Bá mi kí àwọn ọmọ rẹ. Má jẹ́ kí iṣu jóná nítorí Dúrótoyè.

Èmi ni, Wúrà.