Ọ̀rọ̀ Eéran Iwájú Ilé Wa

Ilé Lágúnjú,
Ìlaré, Ilé-Ifẹ̀.
Oṣù Karùn-ún, 1994.

Akínkúnlé, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó, ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Olúwa tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ yóò máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ koríko tí o gbìn síwájú ilé ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí o ní kí ẹnikẹ́ni má gbin iṣu síbẹ̀, mo gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo Ìlaré ń bi mí pé kí ni a ó máa fi koríko jẹ. Nígbà tí o tún fi oògùn ránṣẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí o ní kí n fín in sílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí eéran, koríko oko yẹn, má baà hù láàárín rẹ̀, mo gbé páǹpù tí mo fi ń fín kòkó débẹ̀, n kò rí eéran kankan. Mo ní ta wá ni mo fẹ́ fín? A kì í na ọmọ tí a kò tíì bí. Mo gbé páǹpù padà, mo ní bí eéran bá ṣẹ̀, n ó fìyà jẹ ẹ́ lójú ara rẹ̀.

Òjò rọ̀, eéran yọ bo gbogbo ibẹ̀. Mo fín in títí ìgò fi gbẹ, ṣe ló tún ń dán sí i. Ìdí tí mo fi lọ pè ọ́ lórí fóònù Fáníyì oníkẹ́mísì nìyẹn. O ní kí n ka ohun tó wà lára ìgò, n kò sì mú awò ojú mi lọ́wọ́, mo bá gbé ìgò síwájú fóònù kí o kà á fúnra rẹ. O ní o ò rí nǹkan kan, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ. Ó yà mí lẹ́nu pé o bínú. O wá ní inú ilẹ̀ ni oògùn náà ti ń pa eéran bí irúgbìn rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hù, pé tó bá ti hù, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ó yé mi wàyí.

Kí n tó rí i tu, àwọn òbí Fúnlọ́lá ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo ilé ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ àwọn. Ìyá rẹ sunkún, ó ní wọn ó ní inú igbó ni a ti bí ọ. Mo mú àdá, mo gé eéran àti koríko rẹ dọ́gba, n kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀, ìyá rẹ ń fi ìgbálẹ̀ tẹ̀ lé mi.

Ìyá Fúnlọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n rìn ín lọ rìn ín bọ̀, wọ́n ní gbogbo Ìpetumodù ò ní koríko tó tutù lẹ́sẹ̀ báyìí. Wọ́n bi mí pé ta ló ni í, mo ní ìwọ ni, èmi ò sì purọ́, ìwọ lo ni ilẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó lè tọ́jú koríko báyìí yóò tọ́jú ìyàwó. Wọ́n jẹun, wọ́n gbà fún ọ. Ìgbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́, kí n wá irúgbìn rẹ̀ fún àwọn.

Irúgbìn eéran ni wọ́n ń béèrè, lọ́wọ́ èmi àgbẹ̀. Mo lọ sóko, mo kó o kún àpò, mo gbé e lọ bá wọn. Wọ́n ti gbìn ín, wọ́n ń bomi rin ín.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọkọ̀ Ìpetumodù, wọ́n tún fẹ́ ti ẹ̀yìnkùlé. Bí o bá lọ kí wọn, tí o bá eéran lẹ́nu ọ̀nà, má fà á tu. Gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kí o sì sọ pé ó dára.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìyàwó náà bá ọ kalẹ́, ọwọ́ rẹ ò ní fa ohun tó ń fẹ́ hù tu.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lágúnjú.