Ìkẹ́dùn sí Ìyáàfin Cazelles, àti Òtítọ́ Nípa Òǹtẹ̀ Puech-Vieux

Ẹgbẹ́ Àwọn Agunkẹ̀kẹ́ Lavergnolle
Gbọ̀ngàn Ìlú, Lavergnolle
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, ọdún 1994

Ìyáàfin Huguette Cazelles wa ọ̀wọ́n,

Ọkàn tó gbọgbẹ́ ni ẹgbẹ́ wa fi ń kọ̀wé yìí sí yín lórí ikú ọkọ yín, Ọ̀gbẹ́ni Norbert Cazelles, tó fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù yìí, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ó yẹ kí ìwé yìí ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní kété tí a sin ín tán. Ohun tó mú un pẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ìgbìmọ̀ wa ní láti jókòó lé lórí ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má gbé e sílẹ̀ títí ẹ ó fi kà á tán.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Norbert fi bá wa gun kẹ̀kẹ́. Òun ló la ọ̀nà Ìrìn Ìlú Mẹ́fà tí a ń rìn láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ títí di ìgbà tí wọ́n bá kórè èso àjàrà tán. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí a bá dé la ti ń gba òǹtẹ̀ rẹ̀ sórí káàdì wa. Kò sí afárá òkúta tí kò mọ̀ ní agbègbè yìí, kò sí ògiri ìlú àtijọ́ tí kò fẹ̀yìn tì rí láti jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Ó mọ oko tí ajá ti ń lé èèyàn, ó sì mọ àgbẹ̀ tí kì í bínú bí èèyàn bá bu omi nínú kànga rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe akọ̀wé wa, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin kẹrin ẹgbẹ́: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dé ìlú kan, káàdì rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba òǹtẹ̀ ìlú náà. Kò sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ lórí òfin yìí. Nígbà tí olórí ìlú wa àtijọ́ di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò láti gun òkè Puech-Vieux, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́fà náà, Norbert fa káàdì rẹ̀ ya lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní, “Ọ̀gá, kẹ̀kẹ́ yín ló gun mọ́tò. Ẹ̀yin ò gun nǹkan kan.” Àpèjẹ ọdún yẹn kò dùn rárá.

Ọ̀rọ̀ tó mú wa jókòó la fẹ́ sọ báyìí. Lọ́jọ́ Ẹtì tí a sin Norbert, ẹ di ọwọ́ akọ̀wé wa, Solange Peyrac, mú lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú, ẹ sì sọ fún un pé, “Solange, èmi ni mo rán an lọ kú.” Ẹ ní lẹ́yìn tó kú tán ni Dókítà Vayssac ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé ó ti pé ọdún méjì tí òun ti ka gígun òkè léèwọ̀ fún un nítorí ọkàn rẹ̀, òun sì rò pé ó ti sọ fún yín. Ẹ ní Régis ọmọ yín já káàdì bàbá rẹ̀ lára ògiri ilé ìdáná, ó rí òǹtẹ̀ Puech-Vieux ti ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí lórí rẹ̀, ọjọ́ méjì péré ṣáájú ikú, ó sì wí pé, “Màmá, ẹ̀yin lẹ tì í lọ.” Lọ́jọ́ ìsìnkú náà ló padà sí Lyon láì fẹnu kan kọfí, kò sì pè yín láti ìgbà náà. Èyí tó wá dùn yín jù ni pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ rọ omi sínú ìgò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi yẹn, tí ẹ sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá Régis, tẹ́ ò bá gba òǹtẹ̀ Puech-Vieux wálé, kò sọ́bẹ̀ fún yín lónìí o.”

Ìyáàfin Cazelles, ọkọ yín kò gun òkè Puech-Vieux lọ́jọ́ náà. Kò gùn ún lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Láti oṣù Kẹrin ọdún 1992 ni kò ti gùn ún mọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kẹrin náà, Norbert sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní ìsàlẹ̀ òkè, létí ibi ìfọṣọ àtijọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń yẹ ṣéènì wò. Lucien Bouscary tó ń ṣáájú wa yí padà lọ bá a.

“Norbert, kò sóhun tó ṣe ṣéènì rẹ.”

“Mo mọ̀. Èmi ni nǹkan ṣe.”

Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí dókítà wí: kó máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kó má dán òkè wò mọ́. Lucien ní kó lọ sọ ọ́ fún yín. Norbert fọwọ́ bo ojú. “Háà! Huguette tó ti sọ ọ́ káàkiri ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì pé ọkọ òun nìkan ni àgbàlagbà tó ṣì ń gun Puech-Vieux? Ojú wo ni kó wá fi ra búrẹ́dì lọ́la?” Lucien yọ káàdì kúrò nínú àpò Norbert, ó tì í bọ àpò ara rẹ̀, ó sì gun òkè lọ.

Báyìí ni Lucien ṣe ń gbé káàdì méjì gòkè fún ọdún méjì gbáko. Mireille tó ni ilé kọfí lábẹ́ ẹnubodè Puech-Vieux máa ń lu òǹtẹ̀ méjèèjì pọ̀, á ní, “Ẹ bá mi kí bàbá, ẹ ní ó kú iṣẹ́ o,” á sì bú sẹ́rìn-ín. Kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, gbogbo ìgbìmọ̀ ti mọ̀. Norbert mú wa gbọ́wọ́ lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a búra pé a ò ní sọ fún yín. Ẹni tó fa káàdì olórí ìlú ya! Ojú ń tì wá bí a ṣe ń kọ èyí, ẹ̀rín sì ń pa wá.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tó ń lọ? Ọwọ́ òsì ló máa ń yà ní ibi ìfọṣọ, á tọ etí odò Lot lọ ní kìlómítà méje tó tẹ́ pẹrẹsẹ, títí dé ilé Abel Fourniols, ẹni tó máa ń ṣí ẹnubodè omi fáwọn ọkọ̀ ojú omi kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n á jẹ búrẹ́dì àti ẹran pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù irin lórí ilẹ̀, wọ́n á bá ara wọn jà lórí ti ta ló borí, Norbert á wá sùn lábẹ́ igi. Bí Lucien bá ti ń bọ̀ lókè, Norbert á dìde, á ri aṣọ rẹ̀ bọ odò, á fún un, á wọ̀ ọ́, kí ẹ lè rò pé òógùn ni. Ẹ̀yin náà sọ fún Solange lẹ́ẹ̀kan pé òógùn Norbert ti ń rùn bí ẹrẹ̀, pé bóyá oògùn tó ń lò ló fà á. Kì í ṣe oògùn o. Odò Lot ni.

Ní ti ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí, Abel fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tí a so mọ́ èyí: ó ní Norbert borí òun lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́ òun jẹ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì sùn fún wákàtí méjì, ó ń hanrun. Dókítà Vayssac náà ti buwọ́ lu ìwé tirẹ̀. Ó ní ojú oorun ọ̀sán ọjọ́ keje ni ọkàn Norbert ti dákẹ́, pé ọkàn náà ti rẹ̀ ni, àti pé kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ tó bó ṣe pẹ́. Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ni Norbert bá dé ọ̀dọ̀ wa. Ó tún un sọ fún gbogbo wa ní ibi ìfọṣọ, ó sì na káàdì sí Lucien: “Yára o, ọ̀rẹ́. Ọbẹ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ.”

Kò rọrùn fún ìgbìmọ̀ láti tú àṣírí ọkùnrin yìí. Lucien ló kọ́kọ́ yarí, ó ní òun ti ṣèlérí. Solange wá tún ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú sọ. Lucien ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo gbé káàdì náà lọ.” A ti kọ ọ́. A sì ti fi gègé pupa fagi lé òǹtẹ̀ Puech-Vieux ti ọdún méjèèjì nínú ìwé ẹgbẹ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní gbà á fún ẹlòmíràn. Ti ọdún mọ́kàndínlógójì tó ṣáájú dúró gbọn-in, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi gbà á.

Ìyáàfin wa, ẹ kò dá nìkan wà. Igi ìdáná yín ti ìgbà òtútù ti di iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí láti ọdún yìí lọ, láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi la ó sì máa yà kí yín kí a tó gbéra. Bí ẹ bá fẹ́ bú wa fún ọdún méjì tí a fi purọ́ fún yín, ẹ bú wa dáadáa, ó tọ́ sí wa.

Ó ku ẹyọ kan. Lánàá, Lucien pe Régis lórí tẹlifóònù, ó sì ka ìwé yìí fún un láti òkè délẹ̀. Régis ní, “Bàbá mi? Bàbá tèmi ló gba òǹtẹ̀ ẹ̀bùrú?” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó ní kí a sọ fún yín pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yìí, nínú ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán. Ó ní kí ẹ má wá pàdé òun ní ibùdókọ̀, òun fẹ́ fẹsẹ̀ ara òun wá sílé, kí òun kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Nígbà tí Lucien gbé tẹlifóònù sílẹ̀, gbogbo wa mí kanlẹ̀.

Kí Ọlọ́run, tó rí gbogbo òkè tí Norbert gùn àti èyí tí kò gùn, tẹ́wọ́ gbà á. Kí ó gbé ẹrù tí kì í ṣe tiyín kúrò lórí yín, kí ó jẹ́ kí ẹ sunkún ọkọ yín bí aya ṣe ń sunkún ọkọ, láìsí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Kí ó fún yín ní oorun tó dára láti òní lọ. Bí ẹ bá sì gbọ́ kíkan lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Ẹtì, kí ó fún yín lókun láti dìde, kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọmọ yín. Àmín.

Lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́,

Solange Peyrac, Akọ̀wé
Lucien Bouscary, Aṣáájú Ìrìn, ẹni tó gbé káàdì lọ